Wọ́n ní ìmáànì mi ló kéré: èsì fún arábìnrin tí inú rẹ̀ kì í dùn mọ́

Ìbéèrè: Àsàláámù àlékùm, Ààfáà. Ó ti tó oṣù méje báyìí tí inú mi kì í dùn mọ́, n kò sì lè sọ pé ohun báyìí ló fà á. Ẹnikẹ́ni kò kú fún mi. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi, ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú, ara àwọn ọmọ mi dá. Síbẹ̀ tí mo bá jí, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n gbé òkúta lé mi láyà. Oorun mi ti dàrú, oúnjẹ kò wù mí, ìrun Àsùbáà sì ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ léraléra. Tí mo bá ka Àlùkùránì, kò wọ̀ mí lára bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ìmáànì mi ló kéré, pé ẹni tó bá ń rántí Ọlọ́hun, ọkàn rẹ̀ a máa balẹ̀. Ẹlòmíì ní àlùjọ̀nnú ni. Nígbà míì mo máa ń bẹ Ọlọ́hun pé kó kúkú mú mi lọ. Ṣé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí? Kí ni kí n máa kà?

Èsì: Wàálékùm sàláàm, ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn.

Ohun tí ẹ sọ kẹ́yìn kí ẹ tó béèrè ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, nítorí kò ṣeé fi sílẹ̀ dìgbà tí mo bá dé ìsàlẹ̀ èsì mi. Ẹ ní ẹ máa ń bẹ Ọlọ́hun pé kó mú yín lọ. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) mọ̀ pé ìnira lè mú ènìyàn dé ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wá sí i lẹ́nu. Nínú hádíìsì tí Anas, ọ̀kan nínú àwọn sàábé (ọmọlẹ́yìn) rẹ̀, gbà wá, tó wà nínú ìwé hádíìsì Bùhárì àti ti Mùsílímù, ó ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe tọrọ ikú nítorí ìnira tó bá a. Kò dúró síbẹ̀. Ó ní bí kò bá wá lè ṣe kó má tọrọ rẹ̀, kó sọ pé: «Ọlọ́hun, dá mi sí níwọ̀n ìgbà tí ìṣẹ̀mí bá lóore fún mi, kí O sì gba ẹ̀mí mi nígbà tí ikú bá lóore fún mi.» Ẹ wo bó ṣe rọra gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹni tó ń jẹ̀rora, tó sì fi èyí tó sàn sí i lẹ́nu dípò rẹ̀. Kò pe onítọ̀hún ní kèfèrí. Àdúà yẹn ni kí ẹ máa ṣe.

Àmọ́ bó bá ti kọjá àdúà, tó di pé ẹ ti ń ro bí ẹ ó ṣe ṣe ara yín léṣe, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti Ààfáà nìkan nìyẹn. Ẹ sọ fún ọkọ yín lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú yín lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n kó ohunkóhun tó lè ṣeni léṣe kúrò nítòsí yín, kí ẹ má sì dá wà lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn kan á ti fẹ́ fi iná ọ̀run dẹ́rù bà yín níbí yìí. Ẹsẹ 29 nínú Súrà An-Nisá'i tó ní kí a má pa ara wa kò parí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ìdẹ́rùbà: ó ní nítorí pé Aláàánú ni Ọlọ́hun jẹ́ sí yín. Ibi àánú ni èmi náà máa dúró sí.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín. Ẹsẹ tí wọ́n ń tọ́ka sí wà lóòótọ́, Súrà Ar-Ra'd, ẹsẹ 28: pẹ̀lú ìrántí Ọlọ́hun ni ọkàn fi ń balẹ̀. Ìlérí ni ẹsẹ yìí, ọmọ ìyá mi, kì í ṣe pàṣán. Kò sọ níbì kankan pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá tíì balẹ̀ kì í rántí Ọlọ́hun. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí la ó wá pe Ànábì Yákúbù?

Ẹ ṣí Súrà Yúsúfù sí ẹsẹ 84. Ànábì ni, ọmọ Ànábì, ọmọ ọmọ Ànábì. Ó kúrò lójú àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń dárò Yúsúfù, ojú rẹ̀ méjèèjì sì funfun nítorí ìbànújẹ́. Ẹkún gba ojú lọ́wọ́ Ànábì Ọlọ́hun. Àwọn ará ilé rẹ̀ kò sì jẹ́ kó sinmi: ní ẹsẹ 85 wọ́n fi Ọlọ́hun búra pé kò ní yé rántí Yúsúfù títí tí yóò fi dùbúlẹ̀ àìsàn tàbí tí yóò fi kú. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí yín nínú ilé ti pẹ́ láyé! Èsì tó fún wọn ni mo fẹ́ kí ẹ há sórí: «Innamaa ashkuu baththii wa huznii ilallaah», Ọlọ́hun ni mo ń ro ẹ̀dùn ọkàn mi àti ìbànújẹ́ mi fún. Kò sẹ́ ìbànújẹ́ rẹ̀. Kò ní ara òun le nígbà tí ara kò le. Bẹ́ẹ̀ ẹni yìí kan náà ló ti sọ ní ẹsẹ 18 pé sùúrù tó rẹwà ni òun máa ṣe. Sùúrù tó rẹwà àti ẹkún tó fọ́ni lójú jọ gbé inú ọkàn kan ṣoṣo, nínú Súrà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ní onísùúrù kì í sunkún, kò ka Súrà náà dópin.

Ànábì tiwa náà sunkún. Nígbà tí Ìbúráhímù ọmọ rẹ̀ ń kú lọ, omi bọ́ lójú rẹ̀ débi pé ó ya àwọn sàábé rẹ̀ lẹ́nu. Ó ní ojú ń sunkún, ọkàn ń bàjẹ́, àwa kò sì ní sọ àyàfi ohun tí Olúwa wa yọ́nú sí. Ọdún tí Nánà Khadijah ìyàwó rẹ̀ àti Abu Talib arákùnrin bàbá rẹ̀ kú, ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta ṣáájú híjírà (ìṣílọ rẹ̀ sí Mẹ̀dínà), Ọdún Ìbànújẹ́ ni àwọn onítàn ẹ̀sìn pè é. Orúkọ tí ọdún náà ń jẹ́ títí dòní nìyẹn. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé inú yín bàjẹ́. Kì í tún ṣe àìmoore pé inú yín bàjẹ́ nígbà tí ọkọ wà, tí ọmọ wà, tí iṣẹ́ wà. Mo rí i nínú bí ẹ ṣe to àwọn nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ pé ẹ̀rù àìmoore ń bà yín.

Ohun kan wà tí mo ń kà kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó rí i. Ẹ wo ohun tí Ọlọ́hun ṣe fún àwọn tí ìnira bò mọ́lẹ̀ nínú Àlùkùránì.

Màríyámọ̀ wà ní ìdí igi dàbínù, ìrọbí mú un, òun nìkan ló wà, ẹ̀sùn àwọn ènìyàn sì ń dúró dè é nílé. Súrà 19, ẹsẹ 23: ó ní ì bá sàn kí òun ti kú ṣáájú èyí, kí òun sì ti di ẹni ìgbàgbé pátápátá. Gbólóhùn yín gan-an nìyẹn. Ẹni tí Ọlọ́hun ṣà lẹ́ṣà ló sọ ọ́, Ọlọ́hun sì fi í sínú ìwé tí a ó máa fi kírun títí ayé. Èsì wo ló wá gbọ́? Pé kó má banújẹ́, Olúwa rẹ̀ ti fi odò kékeré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kó mi igi dàbínù náà, èso tútù yóò máa já bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Kó jẹ, kó mu, kí ojú rẹ̀ sì tutù. Omi, oúnjẹ, àti iṣẹ́ díẹ̀ fún ọwọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún gbà á láyè pé kó sọ fún ẹni tó bá rí pé òun ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ìdákẹ́jẹ́, òun kò ní bá ènìyàn kankan sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n gba ẹrù àlàyé ṣíṣe kúrò lórí rẹ̀.

Ànábì Àyúbà ké pe Olúwa rẹ̀ pé ìnira ti kan òun. Èsì tó gbà ní Súrà Sọ́ọ̀dù, ẹsẹ 42, ni pé kó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ janlẹ̀: omi tútù nìyí fún ìwẹ̀ àti fún mímu.

Ti Ànábì Yúnúsà ló wú mi lórí jù. Gbogbo wa la mọ àdúà tó ṣe nínú ẹja, «Laa ilaaha illaa anta, subhaanaka, innii kuntu minaz-zaalimiin», ẹsẹ tó tẹ̀ lé e nínú Súrà Al-Anbiyá'i sì ṣèlérí pé báyìí ni Ọlọ́hun ṣe ń gba àwọn onígbàgbọ́ là. Àwọn díẹ̀ ló ń ka ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó jáde. Súrà 37, ẹsẹ 145 àti 146: Ọlọ́hun jù ú sórí ilẹ̀ gbalasa, ó sì ń ṣàìsàn. Àdúà ti gbà, ara kò tíì yá. Ọlọ́hun wá hu ewéko ìtàkùn kan láti ṣíji bò ó. Lẹ́yìn òjìji yìí ló tó kan ẹsẹ 147, níbi tí wọ́n ti rán an sí ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kò ní rí ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ pè wọ́n jókòó fún ìwàásù gígùn. Ara wọn ni wọ́n tọ́jú. Ara tí a kò fún ní oorun, tí a kò fún ní oúnjẹ, ìmáànì inú rẹ̀ yóò máa jìjàkadì ni.

Èmi náà ti jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí rí. Ọkùnrin kan tọ̀ mí wá nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́ yìí, ó ní inú òun ti kú. Mo fún un ní wúrídì (ìrántí Ọlọ́hun tí yóò máa kà lójoojúmọ́) tó pọ̀, mo ní kó fi nọ́fílà òru (ìrun àfikún tí kì í ṣe dandan) kún un. Lẹ́yìn oṣù kan ó padà wá, ó rù, ojú rẹ̀ ti wọnú, ó ní òun kò lè ṣe ìdajì ohun tí mo ní kí òun ṣe, pé òun ti wá mọ̀ dájú pé Ọlọ́hun kò fẹ́ràn òun. Èmi ni mo gbé ẹrù yẹn lé e lórí. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yín, oorun àti oúnjẹ ni mo kọ́kọ́ ń béèrè, kí n tó béèrè ìrun.

Nítorí náà, ẹ lọ rí dókítà. Ìbànújẹ́ tó bá ń báni jí lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tó ba oorun àti oúnjẹ jẹ́, tí ohun tó ń wuni tẹ́lẹ̀ kò sì wuni mọ́, àwọn dókítà ti ń wò ó bí àìsàn nìyẹn. Àìsàn ìsoríkọ́ ni wọ́n ń pè é. Tiyín ti di oṣù méje. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò pẹ̀lú, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid) tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa lè sọ ara di aláìlágbára, kó sì fa ọkàn wálẹ̀. Bí ọmọ yín tó kéré jù kò bá tíì pé ọdún kan, ẹ sọ fún wọn, nítorí irú ìsoríkọ́ kan wà tó ń tẹ̀ lé ìbímọ.

Ẹni tó bá ní àṣà àwọn aláìgbàgbọ́ ni èyí, ẹ sọ fún un nípa Abu Zayd al-Balkhi, onímọ̀ Mùsùlùmí tó kú ní ọdún 934. Nínú ìwé tó kọ lórí ìtọ́jú ara àti ọkàn, ó pín ìbànújẹ́ sí méjì. Ọ̀kan ni èyí tí onítọ̀hún mọ ohun tó fà á, bíi kí èèyàn ẹni kú tàbí kí dúkìá sọnù. Èkejì ni èyí tó kàn bo ènìyàn mọ́lẹ̀ láìsí ìdí tó lè tọ́ka sí. Ó ní inú ara ni èkejì yìí ti ń wá, ara ni kí a sì tọ́jú pẹ̀lú. Ẹ tún ìbéèrè yín kà, ẹ ó rí i pé èkejì yẹn lẹ kọ ránṣẹ́ sí mi, ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn tó ti kọ ọ́. Nígbà tí Sultan Qalawun kọ́ ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀ ní Kairo ní ọdún 1284, ó yọ àyè sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn tí ọpọlọ wọn kò yá. Òjíṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ní Ọlọ́hun kò sọ àìsàn kan kalẹ̀ àyàfi kó sọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀, ó sì pa á láṣẹ fún àwọn tó bi í léèrè pé kí wọ́n máa tọ́jú ara wọn.

Bí wọ́n bá fún yín ní oògùn, ẹ lò ó. Oògùn ìsoríkọ́ kì í ṣe ọtí, kì í gba làákàyè lọ́wọ́ ènìyàn bí ọtí. Ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ènìyàn tó rí ìyàtọ̀, ẹ má sì dá a dúró fúnra yín bí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí yá. Bí Ràmàdáánì bá bá yín lẹ́nu rẹ̀, ẹ bi dókítà bóyá àsìkò lílò rẹ̀ ṣeé yí sí alẹ́. Bí kò bá ṣeé yí, ẹ mọ̀ pé Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn nínú Súrà Al-Baqarah.

Lórí àlùjọ̀nnú, n kò ní pẹ́. Àlùjọ̀nnú wà, Àlùkùránì sọ bẹ́ẹ̀. Kíka Fátíhà, Áyátùl-Kúrísíyù àti Súrà mẹ́ta tó kẹ́yìn sí ara yín fúnra yín, sunnah ni, owó kankan kò sì sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó gọbọi, tó fẹ́ dè yín tàbí nà yín, tàbí tó ní kí ẹ pa oògùn dókítà tì, ẹ sá fún un.

Ó ku ohun tí ẹ ó máa kà. Ẹ ní Àlùkùránì kò wọ̀ yín lára mọ́. Àìsàn náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu tí ibà bá kò lè mọ adùn oyin, oyin kò sì tìtorí ẹ̀ di ewúro. Ẹ má fi bó ṣe rí lára yín wọn bó ṣe níyì tó lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ẹ kò ní láti ka hísíbù kan (ìdá kan nínú ọgọ́ta Àlùkùránì) lóòjọ́. Òjíṣẹ́ wọ mọ́sálásí lọ́jọ́ kan, ó rí okùn tí wọ́n so sáàárín òpó méjì. Wọ́n ní ti Zaynab ni, pé bí ó bá rẹ̀ ẹ́ lórí ìrun ló máa ń dì í mú. Ó ní kí wọ́n tú u, kí olúkúlùkù máa kírun nígbà tí ara rẹ̀ bá jí pépé, bó bá sì rẹ̀ ẹ́, kó jókòó. Ẹ tú okùn tiyín náà. Ó tún wà nínú Bùhárì pé bí ẹrú Ọlọ́hun bá ń ṣàìsàn, wọ́n ń kọ iṣẹ́ tó máa ń ṣe nígbà tí ara rẹ̀ le sílẹ̀ fún un. Ìwé yín kò ṣófo láti oṣù méje yìí wá.

Súrà Ad-Duha ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ 11 péré ni. Jundub, sàábé tó gba ìtàn rẹ̀ wá, ní ara Òjíṣẹ́ kò yá, kò sì lè dìde fún ìrun òru fún òru méjì tàbí mẹ́ta. Obìnrin kan wá bá a, ó ní ó dà bíi pé ṣàìtáánì rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Àìlera, ìrun òru tó bọ́, àti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀mí àìrí síni lára: ìtàn yín kò jìnnà sí i. Ìdáhùn Ọlọ́hun ni Súrà náà, tó fi ìyálẹ̀ta àti òru búra pé Olúwa rẹ kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kò sì bínú sí ọ. Bí kíkà bá ṣòro, ẹ gbé ohùn ẹnì kan tó ń ka Àlùkùránì, tó tù yín lára, sí etí, kí ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ máa gbọ́. Ẹ ka ìtumọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, ní èdè tí ẹ fi ń ronú.

Àdúà kan wà tí Anas ní Òjíṣẹ́ máa ń ṣe lọ́pọ̀ ìgbà: «Allaahumma innii a'uudhu bika minal-hammi wal-hazan, wal-'ajzi wal-kasal.» Ó ń sá di Ọlọ́hun kúrò lọ́wọ́ àníyàn àti ìbànújẹ́, kúrò lọ́wọ́ àìlágbára àti ọ̀lẹ, ó sì tún ń bá a lọ dé orí gbèsè. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìbànújẹ́ àti àìlágbára tẹ̀ léra nínú àdúà náà. Ẹni tó ti ní ìsoríkọ́ rí mọ ìdí. Lẹ́yìn èyí, ẹ bá Ọlọ́hun sọ ọ̀rọ̀ yín ní Yorùbá, láìto ọ̀rọ̀, láìṣe bí ẹni tó ń ka ìwé. Ohun tí ẹ kò lè sọ fún ìyá ọkọ yín, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀.

Ẹ fi èsì yìí han ọkọ yín, kó lè bá yín lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àárẹ̀ yìí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè dá ọ̀nà ilé ìwòsàn tọ̀.

Ní ti Àsùbáà tó ń bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́: ẹ gbé agogo tó ń jíni síbi tí ọwọ́ yín kò tó, ẹ bẹ ọkọ yín kó máa jí yín, kí ẹ sì gbìyànjú láti tètè sùn. Bó bá tún wá ṣẹlẹ̀ pé oorun gbé yín lọ, bóyá oògùn ló fà á, Òjíṣẹ́ ní ẹni tó bá sùn gbàgbé ìrun, kó kí i nígbà tó bá rántí, kò sí ìtánràn míì fún un ju ìyẹn lọ. Tí ẹ bá jí ní aago 9, ẹ má jókòó sórí ibùsùn máa bú ara yín. Ẹ ṣe àlùwàlá, ẹ kí ràkáà méjì yín, kí ẹ wá oúnjẹ díẹ̀ sẹ́nu.